Bátìrì Inú Rédíò Àlàájà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ná. Bàbá, mo dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí láàárọ̀ yìí, wọn ò gbé mi wọlé. Mo dúpẹ́ pé ẹnu ara mi ni mo fi ń ròyìn ara mi. Ẹ fún mi ní halelúyà kan tó ga! Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin ará kóòrì, bí ìsìn bá parí, ẹ dúró dè mí o, màá wo máìkì yìí. Ó ń ta mí létè. Láti ọjọ́ yìí lẹ ti ń kọrin níbẹ̀, tí ara yín ń gbọ̀n, ẹ rò pé Ẹ̀mí ló bà lé yín.

Pásítọ̀ ti ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbójú kúrò lára aago. Ẹ̀rí yìí, bí mi ò bá bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kò ní yé yín. Ìgbà yẹn gan-an ni Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí là, èmi ni mi ò mọ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí sí Màmá Oníná. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ṣe wáyárìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí, àfi ti máìkì o, mi ò mọ ẹni tó ṣe ìyẹn. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Àlàájì Ràmọ́nì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yìí. Agbo ilé kan náà ni wọ́n bí mi sí. Àwa wà lókè, Àlàájì àti ìyàwó rẹ̀, Àlàájà, wà nísàlẹ̀. Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n. Bí wọ́n bá ń ṣínu nínú ààwẹ̀, àwo tiwa máa ń gòkè wá. Bí ó bá di Kérésì, àwo tiwọn á sọ̀kalẹ̀ lọ. Nígbà tí mo jáde níléèwé, tí mo ní iná ni mo fẹ́ kọ́, bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àlàájì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wá. Ọkùnrin mẹ́ta ni mo ní ní ìsọ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbọ́rọ̀."

Ẹ̀yin ará, agbo ilé yẹn dùn. Mo ṣì ń lá a. Àpò gàárì tí Àlàájà ń rà wá láti ọjà Sandgrouse máa ń tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ la fi ń kọjá. Àwa á máa kọ orin ìyìn lókè, àwọn á máa ṣe làsíìmù, àdúrà tiwọn, nísàlẹ̀, kò sí ẹni tó ní kí ẹnì kejì rẹ ohùn sílẹ̀. Bí wọ́n bá wá mú iná wá, áà! Àlàájì fúnra rẹ̀ ni í kọ́kọ́ kígbe. Àgbàlagbà, onírùngbọ̀n funfun, á fò dìde lórí àga, á ní, "Wọ́n ti múná wá o!" Gbogbo ọmọ ilé á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á ti ilé wa bọ́ sí ilé kejì, á bọ́ sí títì. Kò sí ìgbà kankan tí iná wá sí agbo ilé yẹn tí a ò gbọ́ igbe. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Obalende ni ìsọ̀ Àlàájì wà. Gbogbo àwọn oníná tó kù nígbà yẹn, mítà alábẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wọn iná. Àlàájì nìkan ló ní dìjítà tó ń kọ nọ́ńbà, aláwọ̀ ìyeyè, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Òun ló sì fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi. Ó ní wáyà mítà méjì ló wà, dúdú àti pupa. Dúdú ní ibùgbé kan ṣoṣo. Pupa ní ihò méjì tó lè wọ̀, ọ̀kan fún fóòtì, ìkejì fún ámúpù. Ó ní bí mo bá fi pupa sílẹ̀ nínú ihò ámúpù, tí mo wá lọ tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mi ò wọn iná o, ńṣe ni mo so láìfù, wáyà tó gbé iná wá, mọ́ níútúrà tó ń dá a padà, tààrà.

Mo gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣe é. Gbàù! Iná pupa fọ́ jáde, ẹnu wáyà yọ́ bí àbẹ́là, mo bá ara mi ní ìdí tábìlì. Mo ti ń dúró de ìgbátí. Àlàájì ò nà mí. Ó gbé mítà náà fún mi, ó ní kí n jókòó síwájú ìsọ̀, kí n máa yọ wáyà pupa, kí n máa fi í sínú ihò fóòtì, kí n sì máa pe orúkọ ihò náà sókè. Láti ìrun Àílà títí di Àsárì ni mo fi ń sọ pé, "Fóòtì. Fóòtì. Fóòtì." Àwọn kọ̀ndọ́ bọ́ọ̀sì ń kọjá, wọ́n ń bá mi gbè é. Ojú tì mí débi pé mo sunkún. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gbé mítà, ẹnu mi á ti sọ "fóòtì" kí n tó mọ̀.

Lẹ́yìn náà ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ọwọ́ òsì. Ó ní kí n fi kílíìpù há wáyà dúdú síbi tó yẹ, kí n wá fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan mú pupa. Ọwọ́ òsì, inú àpò ni kó wà. Ó ní bí iná bá gba ọwọ́ kan wọlé tó fẹ́ gba ọwọ́ kejì jáde, àárín àyà ló máa gbà, níbi tí ọkàn wà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ni mí, síkẹ́ẹ̀tì mi ò lápò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé lọ́jọ́ yẹn, Àlàájà ní kí n bọ́ síkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ó fọwọ́ rán àpò sí gbogbo síkẹ́ẹ̀tì tí mo ní, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan. Gbogbo Obalende ló ń pè mí ní Alápò-kan.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ti bátìrì. Bátìrì rédíò kékeré kan kì í kúrò nínú àpò àyà Àlàájì. Kí ó tó fi mítà wo iná, á kọ́kọ́ fi wo bátìrì yẹn. Bí ó bá wo iná tán, á tún padà wo bátìrì. Ó ń pè é ní bíbi bátìrì léèrè. Mo bi í pé kí ló dé tó ń da ara rẹ̀ láàmú. Ó ní, "Fọlákẹ́, bí mítà bá sọ pé òdo, ó lè jẹ́ pé iná ò sí. Ó sì lè jẹ́ pé mítà ni ò ríran. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́?" Ó ní bí iná tó dájú bá wà nítòsí, kí n lọ fi ìyẹn dán mítà wò, ó dára ju bátìrì lọ. Ṣùgbọ́n bátìrì wà nínú àpò nígbà gbogbo.

Ọjọ́ tí mo kọ́ṣẹ́ tán, tí mo ṣe fíríìdọ̀mù, Àlàájì gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà pé iná ò ní mú mi. Bàbá mi ní àmín, Àlàájà ní àmín. Mo rántí àmín yẹn dáadáa. Mo tún fẹ́ kí ẹ bá mi rántí ẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Mo lọ́kọ, mo bímọ, mo kó lọ sí Obalende, mo di ọ̀gá láyè ara mi. Àlàájì jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe fídáù rẹ̀, mo sunkún ju àwọn ọmọ tó bí lọ. Nígbà tí ọmọ mi wá fi mítà tuntun ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun, ẹ̀yin ará, ìgbéraga wọ̀ mí. Mítà tó ń tan iná bulúù, tó ń yan nǹkan fúnra rẹ̀! Kí ni mo tún fẹ́ máa bi bátìrì sí? Mi ò tiẹ̀ rántí ìgbà tí mo gbé bátìrì sápò gbẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Àlàájà pè mí. Ó ní nǹkan ń rùn bí ìgbà tí rọ́bà ń jóná ní ìdí méènì súwíìsì, ẹ̀rù ń bà á láti sùn sílé. Mo sáré wọ bàtà. Àdúrà tí mo gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò kúnlẹ̀, mi ò dijú. Bí mo ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ ni mo sọ pé, "Olúwa, bá mi lọ, bá mi bọ̀." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo dé agbo ilé, ọkàn mi gbọgbẹ́. Wọ́n ti kó àga Àlàájì kúrò nídìí ilẹ̀kùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ gbangba, kò sí àpò gàárì, torí Àlàájà ò lè lọ Sandgrouse mọ́. Ó jókòó sórí àpótí pẹ̀lú rédíò kékeré rẹ̀, ó ń gbọ́ wáàsí. Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀.

Mo pa méènì súwíìsì, mo ṣí i. Mo rí ibi tó ti jóná. Wáyà tó ń ti ìta wọlé ló dẹ̀, ibi tó ti wọ inú súwíìsì gan-an. Ẹ jẹ́ kó yé yín: bí mo ṣe pa súwíìsì náà, inú ilé nìkan ló kú. Ìdí wáyà tó ti ìta wá yẹn ò ní kú, àfi kí n gun àkàbà, kí n lọ yọ kọ́tááòtù, fíúsì tó ń já iná òpó kúrò, lára ògiri ìta. Àkàbà Àlàájì ṣì wà lẹ́yìn ilé. Ìṣísẹ̀ ogún ni. Mi ò lọ gbé e. Ọ̀lẹ ni, mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Mo ní ṣebí wọ́n ti múná lọ, kí n tètè fún un pọ̀ kí wọ́n tó mú un dé.

Mo gbé mítà. Ẹnu mi ní "fóòtì". Mo wò ó: òdo. Mo tún dẹtí sílẹ̀: yàtọ̀ sí rédíò Àlàájà, gbogbo agbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, kò sẹ́ni tó kígbe. Ọkàn mi balẹ̀. Mítà ní iná ò sí, agbo ilé náà ní iná ò sí. Ìbọ̀wọ́ wà nínú báàgì, mi ò mú un. Mo fi ọwọ́ òsì, ọwọ́ tó yẹ kó wà nínú àpò, di irin ara súwíìsì mú. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé sukurudáfà tí rọ́bà ìdí rẹ̀ ti bó. Ó kù díẹ̀ báyìí, bí ìka mi yìí.

Àlàájà ní, "Fọlákẹ́, o ò tíì bi bátìrì."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, tuntun nìyí o. Láti òkè òkun ni ọmọ yín ti fi í ránṣẹ́. Ti àtijọ́ ni bátìrì."

Ó ní, "Ṣé ọwọ́ ẹ náà, tuntun ni? Ṣé wọ́n á bá ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ láti òkè òkun? Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ń wo ọkọ mi. Mi ò mọ ohun tó ń bi bátìrì, ṣùgbọ́n mi ò rí i kó fọwọ́ kan nǹkan láìbi í. Yọwọ́ ẹ níbẹ̀!"

Ohùn tó fi ń bá mi wí nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni. Mo yọwọ́. Ó ṣí ẹ̀yìn rédíò, ó fa bátìrì kan yọ, wáàsí já sí méjì lẹ́nu àfáà. Ó nà án sí mi. Torí kí n má bàa bí i nínú ni mo ṣe gbà á. Mo yí mítà sí ti bátìrì, mo fi dúdú sí ìdí, mo fi pupa sí orí. Òdo.

Mo ní, "Ẹ rí i? Bátìrì yín ti kú, Màmá."

Ó já a gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Bátìrì tó ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀?" Ó dá a padà sínú rédíò. Àfáà bẹ̀rẹ̀ wáàsí rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin ará! Bátìrì yè. Mítà ló ń purọ́. Mo gba bátìrì padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ wáyà pupa síbí síbẹ̀. Ní ọrùn ibi tí mo máa ń dì í mú, nọ́ńbà yọ fìrí, ó tún di òdo. Wáyà náà ti já nínú. Rọ́bà òde rẹ̀ ń dán, kò sí àmì kankan. Mo wá wáyà mìíràn jáde nínú báàgì. Mo bi bátìrì: fóòtì kan ààbọ̀. Mo wá padà sídìí méènì súwíìsì, ibi tí mo ti fẹ́ ki irin bọ̀.

Ó lé ní igba fóòtì.

Iná ti dé! Mi ò mọ ìgbà tó dé. Mo sáré jáde sí àgbàlá, mo rí fáànù tó ń yí nínú ilé tó kọjú sí tiwa. Mo ní, "Àlàájà, iná ti dé, kò sì sẹ́ni tó kígbe! Kí ló dé tí wọn ò kígbe?"

Àlàájà wo ilẹ̀. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí Àlàájì ti lọ, wọn kì í kígbe mọ́. Mi ò ní kí wọ́n má kígbe o. Àwọn ọmọ náà ló dákẹ́ fúnra wọn. Ta ló máa kọ́kọ́ kígbe?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo ké bí ọmọdé. Mo sunkún torí pé mi ò kú. Mo sunkún torí Àlàájì. Ohun tí mo gbọ́kàn lé, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ agbo ilé wa, ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe, èmi rò pé iná ni ò sí. Àlàájà ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ní, "Ó tó, ó tó. Àdúrà ọkọ mi ló gbà."

Lẹ́yìn ẹkún, mo ṣe é bó ṣe yẹ. Mo gbé àkàbà. Mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo yọ kọ́tááòtù, mo kó o sínú báàgì mi kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a padà. Mo bi bátìrì, mo bi wáyà, mo tún bi bátìrì. Ọwọ́ òsì mi ń wá àpò, kò rí i, mo tì í bọ inú ìgbànú. Mo gé ibi tó jóná kúrò, mo fún un pọ̀ dáadáa, mo ti ilẹ̀kùn súwíìsì, mo dá kọ́tááòtù padà, mo wá tan ilé. Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàn. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Àgbàlá dákẹ́. Àwọn ọmọ yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń wò wá. Èmi àti Àlàájà wo ara wa. Ó fa ìborùn rẹ̀ sórí, ó di ògiri mú, ó dìde. Ohùn rẹ̀ ti di tín-ín-rín, ó há díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kígbe: "Wọ́n ti múná wá o!"

Ọmọ kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Òmíràn gbà á. Ó bọ́ sí ilé kejì, ó bọ́ sí títì. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Àlàájà ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹnì kan nínú ìjọ yìí bi mí pé ṣé ẹ̀rí ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, ṣebí rédíò Àlàájà ló gbà mí. Mo ní mo sọ fún Olúwa pé kó bá mi lọ. Mi ò yàn fún un ibi tó máa jókòó sí tí a bá débẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ wáàsí. Àmín tí a ṣe lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù mi kò tíì tán, òun ló ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wo síkẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ yìí. Ẹ rí àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì? Àlàájà ló fọwọ́ rán an lánàá. Èmi ni mo bá a fi òwú sínú abẹ́rẹ́, torí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé, ẹ wò ó, bátìrì ni. Ẹ̀yin oníná tó wà nínú ìjọ, ẹ lọ wá tiyín.

Ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run. Mi ò fẹ́ halelúyà lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ dìde gbogbo yín, ẹ ṣí fèrèsé, Àlàájà wà nílé lọ́hùn-ún, ó ní òun á dẹtí sílẹ̀. Ẹ má wojú ara yín. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ kígbe.

Wọ́n ti múná wá o!